Okùn Tí Ẹ Ta Sáàárín Èmi àti Ọkọ Mi

Ẹ má sọ pé kí n lọ jókòó o! Akọ̀wé, ẹ má dán an wò! Kí n lọ jókòó níbo? Lórí bẹ́ǹṣì, láàárín àwọn tó wá wòran, kí n káwọ́ lẹ́rán bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi olè? Èmi tí mo fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lẹ aṣọ mọ́ ìyẹ́ bàálù yẹn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, tí ìka mi méjì bó, tí n kò ráhùn, èmi lẹ wá ta okùn fún lónìí pé n kò gbọdọ̀ kọjá! Okùn! Ẹgbẹ́ yín tó ń fi rìmóòtù darí bàálù ti wá di ààfin ọba, àbí? Ẹ sì dúró tì í pẹ̀lú fèrè lọ́rùn, ẹ̀yin alága, ẹ̀yin àbúrò ọkọ mi, tí mo sọ ní Akọ̀wé lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé yín, nítorí pé ìwé kì í kúrò lábẹ́ abíyá yín, kódà tí ẹ bá ń lọ jẹun. Ẹ má pè mí ní ìyàwó wa mọ́ lónìí. Ìyàwó wa kì í dúró lẹ́yìn okùn!

Ẹ jẹ́ kí n kọjá. Pẹ̀lẹ́ ni mo ṣì fi ń sọ ọ́ yìí. Bí n kò bá dúró lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n yín kí nǹkan yẹn tó gbéra, ẹnìkan lè kú sórí pápá yìí.

Ẹ̀rín lẹ̀ ń rín? Ẹ rín in dáadáa. Ẹ wo bàálù náà bó ṣe dúró síbẹ̀, ṣé ohun ìṣeré nìyẹn lójú yín? Ìyẹ́ rẹ̀ gùn ju bẹ́ẹ̀dì tí à ń sùn sí lọ. Nígbà tó wà ní pálọ̀ wa, àfi kí n bẹ̀rẹ̀ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá kí n tó dé kíṣíìnì, àlejò kì í ráyè jókòó. Mo ń bẹ̀rẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín, torí ó wù mí, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Bàálù ogun tó ń dán gbinrin nínú ilé èmi tí n kò ka ìwé mẹ́ta! Mo máa ń nu eruku ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wẹ ọmọ tuntun. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó lè ṣe. Ó wúwo tó ọmọ ọdún mẹ́rin. Abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀ yẹn, igi lásán ni, lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n yín ń dán ẹ́ńjìnnì wò lẹ́yìnkùlé, ó gé àga oníke mi sí méjì bí ẹní gé ọṣẹ. Ẹ sì wo asíá yín. Ibo ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ sí? Ṣé kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ iléèwé tí ẹ pè wá wòran yìí ni?

Mo mọ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ oníṣègùn eyín inú ẹgbẹ́ yín lẹ fẹ́ sọ. Ẹ ò ní jẹ́ kó tán nílẹ̀. Lọ́jọ́ náà, èmi dúró lẹ́yìn ọkọ mi ní tèmi, mo ń sọ ibi tí bàálù ń lọ fún un bí mo ṣe máa ń sọ ọ́, ó ń lọ o, ó ń bọ̀ o, ó ti kọjú sí wa, yí i sósì, òsì, òsì! Ẹ́ńjìnnì ń bú, kí ni n bá ṣe, kí n máa sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ ni? Oníṣègùn eyín dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ń gbafẹ́ pẹ̀lú bàálù funfun tirẹ̀. Bí mo ṣe ní òsì, òun náà yí i sósì, ó di inú igi, gbàà! Ó wá kọjú sí mi, ó ní èmi ni mo fọ́ bàálù òun. Ẹ gbà mí o! Ṣé èmi ni mo fẹ́ ẹ ni? Ta ló ní kó máa gbọ́ràn sí mi lẹ́nu? Tí mo bá ní kó wá bá mi fọ abọ́, ṣé yóò wá? Gbogbo yín wá pe ìpàdé lé mi lórí, àgbà ọkùnrin mọ́kànlá, ẹ ní aláriwo ni mí, ẹ ní kí n má dé ẹ̀yìn àwọn tó ń wa bàálù mọ́.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló dùn mí. Ẹ̀gbọ́n yín ló dùn mí. Ẹ bi í, ẹ̀yin fúnra yín lẹ bi í, ẹ ní, Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ rí sọ sí i? Ó ń wo bàtà rẹ̀. Ó ní kí ẹ ṣe é bí ẹ bá ṣe fẹ́. Ọdún mẹ́tàlélógójì, Akọ̀wé! Mo bímọ márùn-ún fún un, ọkùnrin yìí jókòó, ó ń wo bàtà, wọ́n ń pe ìyàwó rẹ̀ ní aláriwo! Mo délé, n kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó sì mọ ìdí tí òun kò fi lè gbè mí. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Ìyẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn jù.

Ẹ gbọ́! Ẹ gbọ́ o! Wọ́n ti ń yí abẹ̀bẹ̀. Wẹ́dà inú ẹgbẹ́ yín ló di ìrù rẹ̀ mú yẹn, ó dì í mú bí ẹni di àgbò mú. Háà. Ẹ́ńjìnnì ti ṣiṣẹ́. Ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń kùn?

Ó dáa. Ẹ tẹ́ etí sílẹ̀ wá síbí. Mo ti búra fún un, ó mú ọwọ́ mi lé orí ọmọ wa tó kéré jù, mo búra pé n kò ní sọ, kí Ẹlẹ́dàá dárí jì mí. Ẹ̀gbọ́n yín kò ríran mọ́.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ó ń ríran níwọ̀nba tó bá sún mọ́ nǹkan. Ṣùgbọ́n tó bá ti jìnnà díẹ̀, ó ní bí èéfín ni. Bàálù á lọ sókè, kò mọ̀ bóyá imú ni àbí ìrù ló kọ sí òun. Kí lẹ rò pé ó mú un kun ìyẹ́ kan ní yẹ́lò, kó kun èkejì ní dúdú? Ẹ ní ọ̀ṣọ́ ni. Ọ̀ṣọ́ kọ́ o, kó lè dá wọn mọ̀ ni, nísinsìnyí kò dá wọn mọ̀ mọ́. Ọdún méjì ni mo ti ń bá a wò ó. Òun ni ọwọ́, èmi ni ojú.

Ó kí yín láàárọ̀? Ikọ́ yín ló fi mọ̀ yín! Ẹ lọ bi télọ̀ àdúgbò wa. Lọ́jọ́ Ẹtì ẹ̀gbọ́n yín tẹríba, ó kí ère tí télọ̀ fi ń pàtẹ búláòsì, ó ní, Màmá, ẹ káàárọ̀, ṣé àlàáfíà ni? Ère kò dáhùn. Ó délé, ó ń bínú, ó ní àwọn ará àdúgbò ti ń gbéra ga. Mo rẹ́rìn-ín títí, mo wá wọ yàrá, mo sunkún.

Kí ló dé tí n kò sọ? Ẹ ń bi mí! Ẹ ti gbàgbé ọdún tí ilé iṣẹ́ ní kó máa lọ sílé, tó ń kọjú sí ògiri láti àárọ̀ dálẹ́, tí mo kó ọ̀bẹ pamọ́ nínú ilé mi? Bàálù ló gbé e dìde. Ó ní tí ẹ bá gbọ́, ẹ ó gba rìmóòtù lọ́wọ́ òun. Mo bẹ̀ ẹ́ lánàá pé kó má wá. Ó ní etí òun tó òun í lò, pé òun á máa fi bíbú ẹ́ńjìnnì mọ ibi tó wà. Etí! Nínú afẹ́fẹ́ yìí!

Ẹ dúró! Níbo lẹ̀ ń sáré lọ? Ẹ má fọn fèrè yẹn, ẹ má pariwo mọ́ ọn lójijì, á ṣi rìmóòtù tẹ̀. Wẹ́dà ti jù ú sílẹ̀. Ó ti ń sáré nílẹ̀. Yéè, ó ti gbéra! Ó ti pẹ́ jù láti gba rìmóòtù, Akọ̀wé, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ wá fi ṣe kí ni, ṣé ẹ̀yin lè wà á? Ọwọ́ tirẹ̀ nìkan ló lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ẹ lọ kó àwọn ọmọ yẹn kúrò lórí bẹ́ǹṣì, ẹ kó wọn sẹ́yìn ògiri, kíá! Ó ti ń yí bọ̀. Ọ̀dọ̀ wa ló kọjú sí, ẹ̀gbọ́n yín rò pé ó ń lọ. Ẹ wo ọkọ mi, ẹ wo orí rẹ̀, kì í ṣe ọ̀run ló ń wò, ẹ̀yìn ara rẹ̀ ló ń wò. Èmi ló ń wá. N kò bínú sí i mọ́, mo ti fi gbogbo rẹ̀ jì í, ẹ má jẹ́ kó wá mi tì! Ẹ gbé okùn yìí sókè. Akọ̀wé, ẹ gbé e sókè!