Bàtà Mi Ni Wọ́n Ń Ṣọ́

Ẹ̀n-ẹ́n, o ti dé! Jókòó, Yoriko. Ọ̀gbẹ́ni Hayami, ọ̀gá ilé yìí, ti pè ọ́, àbí? Ó ti sọ fún ọ pé ìyá rẹ sọ nù lánàá. Èmi! Èmi tí mo fi ẹsẹ̀ ara mi rìn láti tẹ́ńpìlì wá sí ilé ìtọ́jú yìí, tí mo tún yà ra búrẹ́dì tó ní ẹ̀wà nínú lọ́nà, èmi ni mo sọ nù. Wọ́n mà kú iṣẹ́ o!

Mo máa ń gbàgbé nǹkan, ta ló jiyàn? Àrùn ìgbàgbé ló gbé mi dé ibí, kì í ṣe fàájì. Ṣùgbọ́n ilé yìí gan-an, ṣé orí rẹ̀ pé? Tí mo bá fẹsẹ̀ kan ẹní tí wọ́n tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹní á ké sí wọn ní ọ́fíìsì. Ọmọláńgidi orí tábìlì yẹn á ní, "Màmá, ẹ mu omi." Mo bú u lọ́jọ́ kan, ó ní, "Inú mi dùn láti gbọ́ bẹ́ẹ̀." Ọlọ́gbọ́n ẹ̀rọ!

Wọ́n wá ki ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tí èèyàn wà sínú bàtà mi. Bàtà! Ní ìlú wa níbí! Ilé wo la máa ń wọ̀ tí a kì í bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà? Gbogbo ìyá arúgbó àdúgbò yìí ló sì ń wọ irú kan náà, aláwọ̀ eérú tó ń lẹ̀ pọ̀ lókè yẹn. Ìwọ lo rà á fún mi, nígbà tí orúnkún sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ọ́, o ra tìrẹ náà.

Ó dáa. A ka àdúrà tán ní tẹ́ńpìlì lánàá, mo dúró fọ ife tíì. Màmá Numata tí a jọ ń gbàdúrà níbẹ̀ ti ṣáájú, ó ti wọ bàtà tèmi lọ. Èmi náà wọ tiẹ̀, ó bá mi lẹ́sẹ̀ mu, kí ló kàn mí? Ni fóònù wọn bá figbe ta: Màmá Tokuda, èmi nìyẹn, ti ń gun òkè lọ, ó ti ṣìnà! Wọ́n rán ọkùnrin ẹ̀ṣọ́ méjì tí wọn ò rí mi rí láyé. Wọ́n bá Numata lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. "Màmá Tokuda, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé." "Èmi kọ́ ni Tokuda! Ilé mi nìyí!" "Bẹ́ẹ̀ ni, màmá. A ti gbọ́, màmá."

Wọ́n ti kọ́ wọn pé a kì í bá irú wa jiyàn, kéèyàn ṣáà máa mi orí bí ẹni tó gbà, kó máa rẹ́rìn-ín. Obìnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ní ìṣirò! Bó ṣe ń pariwo ni wọ́n ń mi orí, wọ́n mi orí títí wọ́n fi gbé e sínú ọkọ̀.

Nígbà tí mo wọlé, òun ló jókòó sórí àga mi, tíì mi wà níwájú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ò wo ojú, fóònù ló ń wò: bàtà Màmá Tokuda ti wọlé, ó parí! Èmi alárùn ìgbàgbé ni mo dá a mọ̀. Mo ní, "Numata, kí lo wá ṣe níbí?" Ó di ọwọ́ mi mú, ó ń sunkún. Ó ní, "Tokuda, wọn ò gbọ́ mi." Mo ní, káàbọ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe mí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Hayami tẹrí ba fún un débi pé imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Èmi ńkọ́? Kàkà kí ewé àgbọn rọ̀, ńṣe ló ń le sí i: wọ́n ti dá bàtà mi padà pẹ̀lú ẹ̀rọ nínú rẹ̀, ó tún ní kí n wá wọ òmíràn sí ọrùn ọwọ́, èyí tí n kò ní lè bọ́. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sí tẹ́ńpìlì mọ́. Ìwọ lo sì máa gbà fún un. Mo fi bàbá rẹ tó wà ní sàréè búra, wọn ò ní so mí bí ewúrẹ́! Kí ẹnì kan tó mọ ojú mi máa bá mi rìn lọ sí tẹ́ńpìlì ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Ṣé ìyẹn pọ̀ jù?

Kí lo wí? O ń mi orí. Yoriko, ìwọ náà ń mi orí fún mi!

Ó dáa, dìde, bọ́ọ̀sì á fi ọ́ sílẹ̀. Jẹ́ n sìn ọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Rọra, orúnkún rẹ... Háà! Wo ẹsẹ̀ rẹ. Bàtà tìrẹ tó ní ọ̀dà lára ló ṣì wà nílẹ̀ níbí yìí. Ta ló wá ni èyí tí o wọ̀?

Má bọ́ ọ o! Wọ̀ ọ́ lọ, ọmọ mi. Tí wọ́n bá ti bá ọ lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ, sọ fún wọn pé ìwọ kọ́ ni èmi. Sọ ọ́ kó yé wọn, pariwo dáadáa. Wọn á gbọ́ ọ. Wọn á máa mi orí ni!