Ojú Tí Mo Fá Kúrò Lára Pákó

Láti ìkórè tó kọjá ni mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí mì, kò lọ sísàlẹ̀. Ẹ̀yin ará ìjọ etí omi ní Ìlàjẹ, lónìí mo fẹ́ bì í síwájú yín, kí ojú mi tó fọ́ tán. Dókítà ní ọ̀kan ti kú, èkejì ń tẹ̀ lé e lọ. Ó ní àìsàn àgbà ni. Èmi kò bá a jiyàn, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo fi ojú méjèèjì ṣe.

Ràmọ́nù ni mí. Inú yàrá kan ní Ṣómólú, tó dojú kọ ilé ìtẹ̀wé, ni mo ti ń tún àwòrán àtijọ́ ṣe fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. N kò láya, n kò gba ọmọ iṣẹ́, n kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa wo ọwọ́ mi. Òwú àti itọ́ ẹnu ni mo fi ń nu ìdọ̀tí. Ẹ má rẹ́rìn-ín, kò sí ọṣẹ tó tó o. Òfin kan ló ga jù nínú iṣẹ́ wa: má ṣe ohun tí ẹlòmíràn kò ní lè tú. Mo mọ òfin yìí dáadáa kí n tó ṣe ohun tí mo ṣe.

Nígbà tí ìkórè yín ku oṣù kan, Sabina tó ń ta ẹja yíyan gbé àwòrán Wòlíì olùdásílẹ̀, tí wọ́n fi ọ̀dà kùn sórí pákó, wá fún mi. Èéfín àbẹ́là ti sọ ọ́ di dúdú. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù nù ún o. Àwọn àgbà kan máa ń sọ pé màámi ló dá ìjọ yìí sílẹ̀. Ọmọ ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mí tí wọ́n fi kú, omi sì gbé gbogbo fọ́tò ilé wa lọ. Mi ò mọ ojú wọn rárá.” Mo ní kó máa lọ, pé ẹjọ́ rẹ̀ ti pọ̀ jù. Bí mo ṣe máa ń dá èèyàn lóhùn nìyẹn, èmi burúkú yìí.

Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀dà ẹ̀rẹ̀kẹ́ Wòlíì bó díẹ̀, mo sì rí i pé ojú mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀. Mo rọra tú u, títí obìnrin kan fi ń wò mí. Imú Sabina ni, àgbọ̀n Sabina, èjí Sabina, pẹ̀lú fìlà àdúrà lórí. Ibẹ̀ ni Bàbá Ezekiel, olórí ìjọ yín, ká mi mọ́. Bàbá tó bí i ni Wòlíì, ọkùnrin tí wọ́n kùn lé obìnrin náà lójú. Kò pariwo. Ó ní, “Ràmọ́nù, bò ó padà bó o ṣe bá a. Ọ̀sà ò jìnnà síbí o. Ó ti gbé ẹni tó gbọ́n jù ẹ́ lọ.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkùnrin kan tó dé fìlà dúdú dúró lódìkejì, níwájú ilé ìtẹ̀wé. Ó ń wo aago, ó ń wo fèrèsé mi, mo ní Bàbá Ezekiel ló rán an wá ṣọ́ mi. Ó padà wá lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ó tún padà wá lọ́jọ́ kẹta. Mo ti ara mi mọ́lé, n kò lè jáde ra búrẹ́dì, inú ike ni mo ń tọ̀ sí. Mo kun ọ̀dà bo ojú obìnrin náà bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe. Ó yẹ kó tán síbẹ̀! Ṣùgbọ́n ẹ̀rù sọ fún mi pé ohun tí a bò ṣì ṣeé tú, pé bí ẹnikẹ́ni bá tú u lọ́jọ́ iwájú, èmi ni n óò jẹ iyán rẹ̀ níṣu. Lọ́jọ́ kẹrin, ọkùnrin yẹn sọdá títì, ó ń bọ̀ tààrà. Mo mú ọ̀bẹ. Ó ń kan ilẹ̀kùn, mo ń fá. Mo fá iwájú orí, mo fá ojú, mo fá èjí yẹn, títí pákó fi yọ funfun.

Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, ó fọwọ́ tọ́lẹ̀ kí mi. “Ẹ káàsán, Bàbá. Dọlápọ̀ lorúkọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní nọ́ńbà ọ̀gá ìtẹ̀wé yẹn? Ojoojúmọ́ ló ń ní kí n padà wá lọ́la. Ìgbéyàwó mi ku ọ̀sẹ̀ kan, mi ò tíì rí káàdì kankan gbà! Ẹ máà bínú pé mò ń wo fèrèsé yín ṣá, dígí ibẹ̀ ni mo fi ń tún fìlà mi ṣe.”

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń gbọ́ “ẹ padà wá lọ́la” lódìkejì ilé mi! Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹ̀yin ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ yín. Bàbá Ezekiel ní kí n bo obìnrin yẹn ni. Èmi ni mo pa á rẹ́.

Mo kun ojú Wòlíì padà sórí pákó tí mo fá. Sabina wá gbé e. Ó bi mí pé, “Bàbá, ẹ ò rí nǹkan kan lábẹ́ ẹ̀?” Mo wo ojú Sabina, ojú kan náà tí mo ti fá, mo ní, “N ò rí nǹkan kan.” Ó dúpẹ́, ó fún mi lẹ́ja mẹ́ta. Mo jẹ ẹ́.

Sabina, ojú kan tó kù fún mi ṣì ń ríran díẹ̀ láàárọ̀. Mo ti ra pákó tuntun. Màmá rẹ ní àpá kékeré lábẹ́ ojú òsì, ìyẹn nìkan ni ìwọ kò ní. Wá jókòó síwájú mi, kí n fi ojú rẹ kun tirẹ̀ padà. Bí o kò bá rí àforíjì mú wá, má dààmú ara rẹ. Ojú rẹ nìkan ni kí o gbé wá, kí o sì tètè.