Etí Àmúdàtù Ni Mo Fi Gba Oyè Ọ̀jọ̀gbọ́n

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, àti ẹ̀yin ará ìjọ tí a jọ ń kọrin, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi Ọlátúndé kí n tó kú. Wọ́n ti sọ fún mi pé àrùn inú ẹ̀dọ̀ mi kò ní jẹ́ kí n rí Kérésìmesì ọdún 1979 yìí. Mo mọ ohun tí Ọlọ́run sọ nípa ẹni tí ó bo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Èmi fúnra mi ti kà á lórí àga ìwàásù rí, ní ohùn rara, ẹ sì ṣe àmín.

Lọ́dún 1974, mo ń ṣe ìwádìí oògùn tuntun kan fún ikọ́ awúgbẹ. Àwọn aláìsàn Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó l'Ékòó ni mo ń fún: ẹyọ kan láàárọ̀, ẹyọ kan lọ́sàn-án, ẹyọ kan lálẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ni Àmúdàtù, tí ń ta àwo tánganran l'Ápọ́ngbọ̀n. Ìka ló fi ń kan àwo wò; etí rẹ̀ a gbọ́ èyí tó sán kí ojú tó rí i. Ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Dókítà, ẹ jẹ́ n kan àyà yín wò, bóyá ó ti sán." Ì bá jẹ́ pé ó kàn án lóòótọ́.

Ààwẹ̀ Ràmàdáánì wọlé. Èmi ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, n kò bi ẹnikẹ́ni léèrè bí yóò ṣe lo oògùn ọ̀sán. Àmúdàtù kò fẹ́ fi oògùn mi ṣòfò, kò sì fẹ́ jẹ ààwẹ̀. Ẹyọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń gbé mì pọ̀ nígbà sààrì. Nígbà tí etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ó wá bá mi, ó sì jẹ́wọ́ bó ṣe ń lò ó.

"Àlùfáà ní aláìsàn lè ṣínu," ó ní, "ṣùgbọ́n ṣé kí orogún mi wá gbààwẹ̀ jù mí lọ ni?"

Ó yẹ kí n dá oògùn náà dúró lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní Lọ́ńdọ̀nù ń retí iṣẹ́ mi láti tẹ̀ ẹ́ jáde, ipò ọ̀jọ̀gbọ́n sì ṣí sílẹ̀. Mo ní, "Ẹ máa lò ó lọ, Ìyá. Ẹ ṣáà má pa á pọ̀ mọ́." Kí oṣù tuntun tó lé, kò gbọ́ ìpè àdúrà mọ́. Ó kan àwo, kò gbọ́ ọ. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwo sísán padà fún un.

Adéyẹmí, tí ń bá mi ṣiṣẹ́, ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká yọ màmá yìí kúrò nínú àkọsílẹ̀ wa. Ta ló máa gbọ́? Òun gan-an ò kúkú gbọ́." A jọ rẹ́rìn-ín. Olúwa, mo rẹ́rìn-ín. Mo yọ ọ́ kúrò, mo sì kọ ọ́ sínú iṣẹ́ mi pé oògùn náà kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Èyí tó burú jù ń bọ̀. Ganiat ọmọ rẹ̀ mú un wá, ó kúnlẹ̀, ó bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àbí oògùn yẹn ni?" Mo di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. Mo ní, "Rárá o. Àmúwá Ọlọ́run ni." Wọ́n gbà mí gbọ́, nítorí wọ́n mọ̀ mí sí ẹni tí ń gbàdúrà. Àmúdàtù tún fi àwo tánganran ránṣẹ́ láti dúpẹ́ pé ikọ́ ti lọ. Mo jẹun nínú wọn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ sí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó láti jẹ́wọ́. Mo ní láti pariwo rẹ̀ kó tó yé e, gbogbo agboolé sì gbọ́. Ganiat bú sẹ́kún. Ìyá rẹ̀ tẹjú mọ́ ẹnu mi títí, ó wá ní, "Ṣé wọ́n ṣì ń fún àwọn èèyàn ní oògùn náà?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ìwé mi ni wọ́n ń tẹ̀lé.

"Ẹ lọ dá a dúró ná," ó ní. "Tẹ́ ẹ bá padà dé, ká wá sọ ti àforíjì."

Mo ti kọ̀wé sí Lọ́ńdọ̀nù pé irọ́ wà nínú iṣẹ́ mi. Ẹ̀yin dókítà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní oògùn náà mọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ bi aláìsàn bó ṣe ń gbé ayé rẹ̀ kí ẹ tó fún un lóògùn. Bí ẹ bá sì ṣe é léṣe, ẹ má fi orúkọ Ọlọ́run bojú. Ẹ bá mi yára. Mo ṣì fẹ́ padà lọ sí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó.