Àgbá Ìkẹyìn Ọ̀gá Ahọ́n

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ ti àga yìí sọ̀rọ̀, ó ti rẹ̀ mí. Láti ìgbà tí ọ̀rẹ́ mi ti dùbúlẹ̀ àìsàn ni oorun ti kúrò lójú mi. A tọ́jú rẹ̀, a tọ́jú rẹ̀, apá wa ò ká a. Àìsàn ló ṣeé wò, a ò rí ti ọlọ́jọ́ ṣe.

Ọ̀gá Ahọ́n lẹ̀ ń pè é. Èmi àti ẹ̀ la jọ ń tọ́ ọtí wò nílé iṣẹ́: bíà líle tí wọ́n rọ sínú àgbá onígi, tí wọ́n sé mọ́bẹ̀ títí adùn igi yóò fi wọnú ọtí. Àwọn kan á ní, "Ṣé iṣẹ́ nìyẹn náà?" Iṣẹ́ ni o! Ọ̀rẹ́ mi kì í jẹ ata láàárọ̀, kì í jẹ àlùbọ́sà. Tó bá ti mu ife díẹ̀, ó di dandan kó sinmi, ó ní ahọ́n tó ti rẹ̀ a máa purọ́. Ìyàwó rẹ̀ tó jókòó yìí, ọṣẹ olóòórùn dídùn ò wọlé ọkọ rẹ̀ rí. Ìyàwó wa, ẹ kú ìfaradà.

Olórí kunkun ni. Ẹ bi ọ̀gá wa tó nilé iṣẹ́, àwọn ló wà níwájú yẹn. Lọ́jọ́ kan, wọ́n fín lọ́fínńdà wọ yàrá tá a ti ń tọ́ ọtí wò. Ọ̀rẹ́ mi gbé ife kalẹ̀: "Ọ̀gá, ẹ ṣàánú wa, ẹ lọ wẹ̀." Ọ̀gá sì lọ wẹ̀! Ẹ máa rẹ́rìn-ín, èmi náà ì bá rín in bí ara bá gbé e.

Olóore sì ni. Ẹnì kan wà láàárín wa tí òtútù ba ahọ́n rẹ̀ jẹ́, wọ́n fẹ́ lé e. Ọ̀rẹ́ mi ní, "Tó bá lọ, mo bá a lọ." Ó kọ́ ọ ní àgbá fífọ̀. Ẹni náà ló ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà yẹn.

Àgbá tẹ́ ẹ̀ ń wò nígun yẹn, ọ̀rẹ́ mi ló sé e kẹ́yìn. Nígbà tí àìsàn gba adùn lẹ́nu rẹ̀, tí oyin àtomi wá di ọ̀kan náà, ó fà mí mọ́ra: "Ọ̀rẹ́, ahọ́n tìẹ ló kù. Má jẹ́ kí wọ́n ṣí i kó tó gbó. Má torí mi purọ́ o."

Ọ̀gá wa ti kó ife wá. Wọ́n ní ká ṣí i báyìí, ká fi yẹ́ ẹ sí. Ìfẹ́ ni, mo mọ̀. Ọ̀fun gbogbo wa sì ti gbẹ. Ìyàwó wa alára bi mí láàárọ̀, "Ṣé mo lè tọ́ ọ wò kí wọ́n tó gbé ọkọ mi lọ sin?"

Mo fa díẹ̀ jáde láti ojú ihò kékeré tá a fi ń yẹ àgbá wò. Mo gbé e sẹ́nu, mo dijú. Ó wù mí kó dùn. Ọlọ́run mọ̀ pé ó wù mí! Ṣùgbọ́n ó ṣì ń ta ahọ́n, igi ṣì borí ọtí. Adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro, a ò tíì débẹ̀.

Ẹ dárí jì mí, ẹ kó ife yín padà. A ò ní ṣí i. Ìyàwó wa, ẹ má bínú. Lọ́jọ́ tó bá gbó, tiyín ni ife àkọ́kọ́.

Ọ̀rẹ́ mi, máa lọ ní pẹ̀lẹ́. Kí ọ̀nà là fún ọ, kí ẹsẹ̀ rẹ má kọ. Gbogbo wọn ló fẹ́ kí n sọ pé ó dùn, n ò sọ ọ́. Lọ sinmi.