Ìpè Tí N Kò Pè Kí N Tó Ṣáná

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè kí n sọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì pàtẹ́wọ́ bí mo bá parí. Ẹ̀yin tí a jọ ń pàdé nínú kíláàsì yìí lọ́sàn-án Sátidé kí a lè jáwọ́ nínú ọtí, ẹ mọ̀ mí sí Àmúdà ará Ìlerò, àgbẹ̀ tí ọtí sọ dìdàkudà. Ẹ ti gbọ́ bí mo ṣe ta kẹ̀kẹ́ mi mu, àti bí Àwáwù ìyàwó mi ṣe kó àwọn ọmọ lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mo kàn fi ń bo èyí tó burú jù mọ́lẹ̀ ni. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi pé ẹ̀dọ̀ mi ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. N kò fẹ́ gbé irọ́ wọ sàréè. Ràsáàkì, àbúrò mi tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé, má tíì dìde o. Ìwọ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún 1978 ni. Èmi àti Ràsáàkì lọ sun igbó lẹ́yìn oko wa láti fi pa ẹran. Ẹ̀yin ọmọ oko mọ̀ ọ́n: ẹnì kan á tiná bọ igbó, ẹnì kejì á dúró sí òdìkejì pẹ̀lú kùmọ̀, á máa retí ọ̀yà àti èmọ́ tó bá ń sá bọ̀. Ẹ mọ òfin rẹ̀ náà. Àgbà tó mú ìṣáná lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ kígbe pé, "Iná ń bọ̀ o! Ta ló wà nínú igbó?" Á dákẹ́, á tẹ́tí, á tún kígbe, kó tó ṣáná. Èmi ni àgbà.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo ti mu ògógóró kí n tó fẹnu kan oúnjẹ. Ràsáàkì kì í mutí nígbà náà, sìgá nìkan ló ń fà. Níbi tí a ti fẹ́ pínyà, ó fa sìgá rẹ̀ tán, ó ju ìdí rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ń lọ. Tí mo bá ti gbọ́ igbe yín, màá múra." Bó ṣe lọ, mo tún gbé ìgò sẹ́nu. Mo sọ fún ara mi pé ta ni yóò wà nínú igbó nínú irú oòrùn yìí. Mo ṣáná. N kò pe ẹnikẹ́ni. Kì í rẹ ẹnu mi láti pe ọlọ́tí. Ọjọ́ yẹn ló wá rẹ̀ ẹ́.

Àdìjátù, ìyàwó Ládòkun tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà, wà nínú igbó náà, ó ń ṣẹ́gi. Mo gbọ́ tó ń ké pé, "Ẹ gbà mí o!" Mo dìde, mo ṣubú, mo tún dìde, mo tún ṣubú. Ràsáàkì ló sáré wọ inú èéfín. Òun ló gbé e jáde. Ẹ wo àpá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí a tó délé, obìnrin náà ti kú.

Ẹ rò pé ibẹ̀ ló burú sí? Ó kù. Níwájú àwọn àgbà, wọ́n béèrè ẹni tó dáná. Ràsáàkì kọjú sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, n ò gbọ́ igbe yín. Ẹ ò tíì ṣáná, àbí? Ṣé sìgá mi ni?" Lójú tirẹ̀, ẹ̀gbọ́n òun kò lè ṣáná láìpè. Ìgbàgbọ́ tó ní nínú mi ni mo fi dè é lókùn. Mo ní, "N ò tíì ṣáná. Sìgá rẹ ni." Ládòkun ní kí n búra. Mo gbọ́wọ́ lé Àlùkùráánì, òórùn ọtí ṣì wà lẹ́nu mi, mo sì búra. Ládòkun wá wo Ràsáàkì, ó ní, "Má jẹ́ kí n tún fojú kàn ọ́ ní Ìlerò." Bó ṣe lọ sí Kíṣí nìyẹn. Nígbà tí ìyá wa kú, kò lè wá sin ín.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń mu ọtí bí ẹni ń mu omi. Nọ́ọ̀sì Mọ́ládé ló sọ fún mi pé, "Baba, oògùn mi ò ká ọtí. Ẹ lọ sí Ṣakí. Àwọn tó ti mu ún rí ń ran ara wọn lọ́wọ́ níbẹ̀." Mo dé Ṣakí, ìtìjú ò jẹ́ kí n béèrè bó ti yẹ. Mo ní ìpàdé àgbẹ̀ ni mò ń wá, wọ́n sì mú mi lọ jókòó síbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ajílẹ̀. Nígbà tó sú mi, mo yà sọ́dọ̀ ọlọ́tí kan. Obìnrin náà wò mí títí, ó ní, "Àwọn tó ń lé oníbàárà mi lẹ ń wá. Ẹ gba ẹ̀yìn ilé ìwé. Ẹ tètè máa lọ, torí tẹ́ ẹ bá fìdí kan bẹ́ǹṣì mi, ẹ ò ní débẹ̀ mọ́."

Mo dé ẹnu ọ̀nà yìí, mo bá ọkùnrin kan lórí ìdúró, ó kẹ̀yìn sí mi. Ó ní, "Orúkọ mi ni Ràsáàkì. Sìgá mi ló pa ìyàwó ẹni ẹlẹ́ni. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, n ò tọ́ ọtí wò rí." Ó yíjú, ó rí mi, ó pariwo pé, "Ẹ̀gbọ́n mi rèé!" Ó dì mọ́ mi, ó ń sunkún ayọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Ó ń ra ọ̀lẹ̀lẹ̀ fún mi, ó ń sìn mí dé garéèjì kí òun náà tó wọkọ̀ padà sí Kíṣí, mo sì ń jẹ ẹ́, mo ń dúpẹ́. Irú èèyàn wo ni mí?

Ràsáàkì, mo parọ́ mọ́ ọ. Sìgá rẹ kò jó nǹkan kan. Èmi fúnra mi ni mo fẹsẹ̀ tẹ ìdí rẹ̀ pa lẹ́yìn tó o lọ, kí n tó ṣáná. Èmi ni mo pa Àdìjátù. Mo fẹ́ lọ bá Ládòkun, kí n sọ ọ́ lójú rẹ̀ kí ikú tó mú mi. Dárí jì mí, ọmọ ìyá mi. Bí kò bá ṣeé ṣe, n kò ní bá ọ jà lórí rẹ̀.

O ti ń jáde lọ. N kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọ dúró. Ẹ̀yin ará, ẹ má wò mí mọ́. Ilé ọlọ́tí wà lójú ọ̀nà tó gbà yẹn. Ẹ fi mí sílẹ̀, ẹ tẹ̀ lé e.