Èmi Ni Mo Jẹ́ Kí Wàsíù Wo Kàtúùnù Kérésì

Ẹ̀ṣẹ̀ kan ti wà lọ́kàn mi láti ìgbà tí mo ti ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò màmá mi ní Sango. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jẹ́wọ́ fún ẹni tí mo ṣẹ̀, ara sì tù mí gan-an. Ìtura yẹn ló fún mi ní ìgboyà láti sọ ọ́ fún ẹ̀yin náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. N kò lè sọ̀rọ̀ láàárín èèyàn, n kò sì kàwé kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́.

Àǹtí ni mo ń pe àbúrò màmá mi. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ni wọ́n ń lọ, nígbà mìíràn láàárọ̀, nígbà mìíràn lálẹ́. Ọkọ wọn, Bàbá Wàsíù, ń ṣe wẹ́dà. Èmi ni mo ń tọ́jú Wàsíù, ọmọ wọn kan ṣoṣo, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà náà.

Mùsùlùmí ni wá. Bàbá Wàsíù ò sọ pé kí ọmọ má wo tẹlifíṣọ̀n. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n kọ̀ ni kàtúùnù Kérésì. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí ọmọ àwọn máa retí ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe Ọlọ́run.

Ṣùgbọ́n tí Disẹ́ḿbà bá ti dé, gbogbo kàtúùnù ló máa ń di ti Kérésì. Ẹja tó wà nísàlẹ̀ òkun pàápàá yóò dé fìlà pupa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ọmọ náà. Èmi gan-an ni mo fẹ́ wò ó. Òyìnbó inú fíìmù kì í yé mi, ṣùgbọ́n ojú ni a fi ń gbọ́ kàtúùnù. Ọ̀kan wà nínú wọn tí ọmọ béárì kan sọnù nínú yìnyín, tí ìyá rẹ̀ sì gbé àtùpà síta lọ́jọ́ Kérésì kí ó lè rí ọ̀nà wálé. N kò tíì fojú kan màmá mi láti ìgbà tí mo ti kúrò ní Ìkìrun. Mo sunkún. Wàsíù fi ẹ̀wù rẹ̀ nù mí lójú. Láti ọjọ́ yẹn, ìgbàkígbà tí wọ́n bá ń ṣe é, a jọ máa ń wò ó ni.

Ọyẹ́ mú gan-an lọ́dún náà, mo sì máa ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un lọ sílé kéú. Lọ́jọ́ kan, ó bọ́ ẹyọ kan, ó fi kọ́ irin fèrèsé ilé kéú bí wọ́n ti ń ṣe nínú kàtúùnù. Alfa bi í léèrè. Ó ní Bàbá Kérésì ló ń bọ̀ wá fi kẹ̀kẹ́ sí i.

Nígbà tí mo lọ mú un, Alfa ní àwọn ń bọ̀ wá bá bàbá rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Alaasárì. Mo mọ̀ pé wọ́n á dá mi padà sí Ìkìrun. Ojú ọ̀nà ni mo ti kọ́ ọmọ náà: "Tí wọ́n bá bi ẹ́, ilé Ìyá Sámúẹ́lì lo ti rí i o."

Ó wò mí. "Ṣé irọ́ nìyẹn?"

Mo ní, "Eré ni."

Ìyá Sámúẹ́lì ni ọ̀rẹ́ Àǹtí níbi iṣẹ́. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n kó wá sí yàrá tó kọjú sí tiwa, Àǹtí ló bá wọn wá a. Onígbàgbọ́ ni wọ́n, ìdí nìyẹn tí orúkọ wọn fi yá mi lẹ́nu. Nígbà tí Wàsíù sọ bẹ́ẹ̀, tí Bàbá Wàsíù sì bínú lọ bá wọn, wọ́n ní, "Kérésì? Nínú ilé tèmi?" Wọ́n wá wò mí níbi tí mo dúró sí. Wọ́n ní kí Bàbá Wàsíù má bínú.

Láti ọjọ́ náà, Àǹtí ò kí wọn mọ́. Kò pẹ́ tí Ìyá Sámúẹ́lì fi kó lọ sí Ìjù. Èmi ò sọ nǹkan kan.

Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń kọ́ báyìí ní Ìyànà Ìyẹsí. Ibẹ̀ ni Ìyá Sámúẹ́lì ti rí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí wọ́n dì mọ́ mi, tí wọ́n sì ń béèrè Wàsíù. N kò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo jẹ́wọ́.

Ẹ̀rín ni wọ́n bú sí.

"Dìde jàre, kí àwọn ọlọ́kadà má rò pé mo ń fìyà jẹ ọmọ ọ̀dọ̀. Ìwọ ọmọ yìí, ìjọ wa kì í ṣe Kérésì! Pásítọ̀ wa ní kò sí nínú Bíbélì. Nínú gbogbo onígbàgbọ́ tó wà ní Sango, èmi lo wá rí gbé Kérésì lé lórí?"

Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà, mà?"

"Mo ti la ẹnu tán kí n tó rí ẹ. Ò ń gbọ̀n. Tí kì í bá ṣe èmi, ta ló tún kù?"

Mo sunkún títí, wọ́n ń rọ̀ mí. Wọ́n ní àwọn ti dárí jì mí tipẹ́. Láti ọjọ́ náà, mò ń jẹun, mò ń sùn, orin ń wá sí mi lẹ́nu nídìí ẹ̀rọ.

Wọ́n ní kí n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Àǹtí ṣì gbà pé ọ̀rẹ́ àwọn ló da àwọn. Mo sì fọgbọ́n bi Wàsíù nípa rẹ̀ lórí fóònù. Ó ní ilé Ìyá Sámúẹ́lì ni òun ti wo ọmọ béárì náà, ó tilẹ̀ sọ àwọ̀ àga tí òun jókòó lé. Kò purọ́ o. Bó ṣe rántí rẹ̀ nìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú ni mò ń lọ sílé Àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, ṣé Àǹtí ni, àbí ọmọ tí irọ́ mi ti di òótọ́ lọ́kàn rẹ̀?