Ọpẹ́ Ráfátù Tí Wọ́n Kà Sí Ìdùnnú

Ọpẹ́ tó tọ́ sí Ọlọ́hun, Ẹni tó dá ahọ́n tó sì dá etí tì í. Ìkẹ́ àti ọlà kí ó máa bá Ànábì wa. Ẹ̀yin jàmáà, ẹ̀yin aládùúgbò wa tí ẹ kì í ṣe mùsùlùmí tí ẹ wá bá wa jókòó, ẹ káàbọ̀. Ọ̀rọ̀ àmánà ni mo gbé wá. Ẹ má rò pé ewúrẹ́ tàbí aṣọ tí wọ́n fi pamọ́ sọ́wọ́ yín nìkan ló ń jẹ́ àmánà. Ọ̀rọ̀ ẹnu èèyàn náà, àmánà ni. Ẹni tó gbà á tí kò gbé e dé ibi tó lóun ń gbé e lọ, olè ni. Ìwọ arábìnrin tó ń tẹ fóònù lábẹ́ híjáàbù, mo rí ọ. Gbé e sílẹ̀ ná, ọ̀rọ̀ yìí kàn ọ́.

Obìnrin kan wà lábúlé Ìdí-Emi, Múlíkátù lorúkọ rẹ̀. Òun ni Ìyá Àdínì, olórí àwọn obìnrin àsàlátù. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti ní "Ó dáa," gbogbo obìnrin abúlé á ní ó dáa. Ilé ìwòsàn kékeré kan wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló sì ń tọ́jú àwọn àti abúlé méjì mìíràn. Lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì bá lọ sí abúlé kejì, àgádágodo ló ń kí aláboyún káàbọ̀.

Ráfátù wà lára àwọn aláboyún ibẹ̀. Ìyá Àdínì fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ ní kéwú láti kékeré. Lọ́sàn-án Jímọ̀ kan, ó rọbí, wọ́n gbé e dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, ilẹ̀kùn wà ní títì. Orí pèpéle ibẹ̀ ló bímọ sí, ọmọ náà kò sì sunkún. Wọ́n sin ín. Láti ọjọ́ náà, Ráfátù kò sọ bó ṣe rí lára rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, àní kò sọ ọ́ fún ìyá tó bí i. Bí wọ́n bá kí i, á ní, "Alihamudulilahi alaa kuli hali."

Ẹ jẹ́ n bi yín. Ìgbà wo la máa ń sọ gbólóhùn yẹn? Ṣé ìgbà tí wọ́n bá fún wa lẹ́ran Iléyá ni? Ẹ mà ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí ilé bá jó ni. Ìgbà tí a bá ti ibi ìsìnkú dé ni. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun lórí ohunkóhun tó bá dé. Ìyẹn ni pé, ó dùn mí dé egungun, ṣùgbọ́n n kò ní bá Ẹlẹ́dàá mi jà.

Ọdún kejì, Ráfátù tún lóyún. Ìgbà náà ni Sákínà dé. Ọmọ Ìdí-Emi ni, ó kàwé, ó sì ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ ìwádìí kan nílùú ńlá. Ó kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Àdínì.

"Ìyá Àdínì, wọ́n fẹ́ mọ bí ilé ìwòsàn yín ṣe rí lára yín. Ibi tí inú àwọn obìnrin kò bá ti dùn ni ìjọba máa fún ní nọ́ọ̀sì kejì. Ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n sọ tinú wọn."

"Ta ni yóò gbọ́ ọ?"

"Èmi ni, mà. Èmi fúnra mi ni n ó kà á, lọ́kọ̀ọ̀kan."

Ìyá Àdínì wò ó. Ọwọ́ òun náà ló fi wẹ ọmọ yìí lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Ó mú un lọ sábẹ́ igi tí àwọn obìnrin ti ń fọ́ èso emi tí wọ́n fi ń ṣe òrí, ó ní, "Ọmọ wa ni. Ẹ tú u sílẹ̀ fún un." Ó tán.

Obìnrin mọ́kànlélọ́gọ́ta ló sọ̀rọ̀ sínú fóònù Sákínà, fóònù náà sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ráfátù ló kẹ́yìn. Ó di ọwọ́ Ìyá Àdínì mú, ó sọ ti Jímọ̀ yẹn, ó sọ ti àgádágodo, ó sọ bí ìka ọmọ náà ṣe kéré tó. Ó pẹ́ kó tó sọ ọ́ tán. Ó wá ní, "Alihamudulilahi alaa kuli hali." Sákínà ń sunkún. Ìyá Àdínì rí omijé náà, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Kí wá ni Sákínà ṣe? Ó dé ìlú, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ onílàákàyè kan wà nínú kọ̀ǹpútà, AI ni àwọn ọ̀dọ́ ń pè é. Ó da gbogbo ọ̀rọ̀ àwọn ìyá sínú rẹ̀, ó ní, "Bá mi ṣà wọ́n. Àwọn tí inú wọn dùn lọ́tọ̀, àwọn tí inú wọn kò dùn lọ́tọ̀." Kí èèyàn tó mu omi tán, ẹ̀rọ ti ṣà á. Ó rí "a dúpẹ́," ó rí "Alihamudulilahi," ó kó wọn sí ọ̀dọ̀ àwọn tí inú wọn dùn. Ó mọ̀ pé ọpẹ́ ni, kò mọ irú ọpẹ́ tó jẹ́. Ṣùgbọ́n Sákínà mọ̀ ọ́n. Ká ní ó ṣí mẹ́wàá péré wò nínú ohun tí ẹ̀rọ ṣà, ì bá ti rí àṣìṣe náà. Kò ṣí ẹyọ kan. Ó wá fọwọ́ sí abẹ́ ìwé èsì pé, "Mo ti ka gbogbo rẹ̀."

Ẹ má lọ máa sọ kiri pé Àlùfáà ní AI jẹ́ hàráámù o. Èmi náà ń lò ó. Òun ló bá mi kọ ìwé ìkésíni wáàsí yìí, orúkọ mi gan-an ló sì kọ sódì, èmi ni mo kà á tí mo tún un ṣe. Ìfọwọ́sí yẹn ni mo ń bá jà.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ wá ka èsì níwájú ilé ìwòsàn. Ó ní obìnrin mọ́kàndínláàádọ́ta nínú mọ́kànlélọ́gọ́ta ló sọ pé inú àwọn dùn, nítorí náà nọ́ọ̀sì kejì ti lọ síbòmíràn. Wọ́n tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn obìnrin kan ṣe ẹ̀rí. Ó kà á jáde: "Alihamudulilahi alaa kuli hali. Obìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n."

Gbogbo wọn mọ ẹni tó ni ín. Ráfátù, tí oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́jọ, yíjú sí Ìyá Àdínì. Kò bú u.

"Ẹ ní ọmọ wa ni," ó wí, ó sì kọjá lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Àdínì wọkọ̀ lọ sílùú. Orí ìjókòó iṣẹ́ ló ti bá Sákínà.

"Sákínà, níbo lo ti rí Ráfátù tó ń yọ̀?"

"Ìyá Àdínì, ẹ̀rọ ló…"

"Ṣé ẹ̀rọ ni mo mú wọ àárín àwọn obìnrin? Ṣé ẹ̀rọ ni mo pè ní ọmọ wa?"

Sákínà ṣí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin náà lórí kọ̀ǹpútà. Ìgbà àkọ́kọ́ tó kà á nìyẹn, ojú Ìyá Àdínì sì wà lára rẹ̀. Nígbà tó kan ti Ráfátù, ó gbórí lé tábìlì. Ó kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó jẹ́wọ́ pé òun kò kà á. Wọ́n dá a lóhùn pé nọ́ọ̀sì ti débi tó ń lọ, ó di ọdún mìíràn.

Ilé ẹ̀gbọ́n Ráfátù nílùú mìíràn ni ọkọ rẹ̀ gbé e lọ. Ó bímọ, ọmọ yè, Ọlọ́hun ṣàánú. Wọ́n sọ ọmọ lórúkọ. Wọn kò ránṣẹ́ pe Ìyá Àdínì. Ẹni tó kọ́ ọ ní kéwú, ẹnu ẹlòmíràn ló ti gbọ́ orúkọ ọmọ náà. Ó dun ìyá yìí ju kí wọ́n bú u lójà lọ.

Nígbà tí ọdún yípo, Sákínà padà wá. Kò mú fóònù dání, ìwé àti bírò ló mú wá. Ó kúnlẹ̀ níwájú Ráfátù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni n ó kà á."

Ráfátù gbé ọmọ sí ọmú kejì. "Kọ ọ́ sílẹ̀," ó ní. "Alihamudulilahi."

Sákínà kọ ọ́. Ó gbé bírò dání, ó ń retí ìyókù. Ráfátù ń wo ọmọ rẹ̀. Ìyókù kò wá.

Ẹ̀yin èèyàn mi, málékà méjì ló wà léjìká olúkúlùkù wa tó ń kọ̀wé. Wọn kì í bẹ ẹlòmíràn níṣẹ́ kó bá wọn kà á. Bí ẹnìkan bá fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ pamọ́ sí ọ lọ́wọ́, nọ́ọ̀sì ni ọ́ o, akọ̀ròyìn ni ọ́ o, àlùfáà bíi tèmi ni ọ́ o, jẹ́ kí ojú ara rẹ kan ọ̀rọ̀ náà kí o tó ní o kà á. Ọlọ́hun, fi ọ̀nà mọ̀ wá nínú àmánà kékeré àti ńlá. Má jẹ̀ẹ́ kí ọwọ́ wa fọwọ́ sí ohun tí ojú wa kò rí. Ẹni tó fọkàn tán wa, má jẹ̀ẹ́ kó tìtorí wa pa ẹnu rẹ̀ dé. Àmín.